Bí a ṣe ń ṣètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìta gbangba nínú ilé ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì

Gbọ̀ngàn ńlá kò wọ́n ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, ibẹ̀ ni wọ́n sì máa ń gbé gbogbo ètò lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àṣà, ọ̀rọ̀ ìṣèlú tàbí ọ̀rọ̀ ìgbé ayé àwùjọ ni ẹ fẹ́ torí rẹ̀ pe àwọn èèyàn jọ, inú ilé ìkàwé ni kí ẹ pè wọ́n sí. Ìwé wà níbẹ̀. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá ní báyìí ni òfin wí, ẹnì kan lè dìde, kó mú òfin náà wá látorí pẹpẹ ìwé, kí gbogbo ilé jọ kà á. Nínú gbọ̀ngàn, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù tàbí tí oyè rẹ̀ gùn jù ló sábà máa ń borí. Nínú ilé ìkàwé, ọmọ ọdún méjìdínlógún lè rí ohun tó máa dì mú nígbà tó bá fẹ́ bi ọ̀jọ̀gbọ́n léèrè ọ̀rọ̀.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní owó púpọ̀ lọ́wọ́ ni mo kọ èyí fún. Mo máa mú àpẹẹrẹ kan dání bí a ṣe ń lọ: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí èdè tó yẹ kí a fi máa kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ìbéèrè tó ṣe é jà lé lórí

"Ipa àṣà nínú ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè" kì í ṣe ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó máa lòdì sí i, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa ronú lé e lórí. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ń wá ni èyí tí ọlọ́gbọ́n méjì lè jókòó tì kí ohùn wọn má ṣọ̀kan, tó kan àwọn tó ń gbé nítòsí yín, tí àkọsílẹ̀ sì wà nípa rẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni yìí. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ mìíràn bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Àwọn tó fi Yorùbá kàwé jálẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì rẹ̀yìn. Ní ọdún 1977, ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sọ pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin pé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ máa kọ́ ọmọ ní Yorùbá gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2025, minisita ètò ẹ̀kọ́ kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà yẹn, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni.

Ẹni tó bá ka èyí tán ti mọ ohun tó yẹ ká béèrè: ta ló yẹ kó pinnu èdè tí olùkọ́ máa fi kọ́ ọmọ wa? Ṣé Àbújá ni, ṣé ìpínlẹ̀ ni, àbí àwọn òbí? Ìbéèrè kan péré nìyẹn, àṣà, ìṣèlú àti àwùjọ sì pàdé nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbólóhùn kan tí ẹni tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì lè gbọ́ kó sì dáhùn. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún un kọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ bá alákòóso ilé ìkàwé kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni

Ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ bá ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n tó wá sọ fún alákòóso ilé ìkàwé pé a ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Kò bójú mu, kì í sì í yọrí sí rere, nítorí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ló mọ àga tó ṣẹ́, wákàtí tí iná ń wà, àti òṣìṣẹ́ tó lè dúró di alẹ́. Ẹ lọ kí i, ẹ jókòó, ẹ ṣàlàyé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ kọ lẹ́tà: ohun tí ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọjọ́ àti wákàtí, iye èèyàn tí ẹ ń retí, ẹni tó máa dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí alákòóso fúnra rẹ̀ gbé e lọ sókè. Ẹ fún ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀ka ààbò ní ẹ̀dà lẹ́tà náà, pàápàá bí ará ìta bá máa wọlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹ bá sì rí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà kọ́lẹ́ẹ̀jì dáadáa. Ẹ má ṣe é lásìkò ìdánwò, nítorí ìgbà náà ni èèyàn máa ń kún gbogbo àga ilé ìkàwé. Ẹ má sì ṣe é nígbà TP, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti fọ́nká lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ ìkọ́ni. Ọ̀sán Jímọ̀ kò dára, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú sì lè bá ìpàdé àdúrà pàdé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Tuesday tàbí Thursday ni mo fara mọ́: ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ṣì wà tí iná bá lọ, ọkọ̀ sì wà fún ẹni tó máa padà sí ìgboro.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹni tó máa sọ̀rọ̀

Kò pọn dandan kó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Lórí ọ̀rọ̀ èdè ìkọ́ni, mo máa wá ẹni méjì. Èkínní ni olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ti fi Yorùbá kọ́ ìṣirò rí, tó lè sọ ohun tí ojú ọmọ ń fi hàn nígbà tó bá yé e àti nígbà tí kò bá yé e. Èkejì ni ẹni tó máa sọ ìhà kejì tọkàntọkàn: bóyá òbí, bóyá ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ aládàáni, tó mọ̀ pé ní kíláàsì kan ní Èkó, ọmọ Yorùbá, Ígbò, Haúsá àti Ẹ̀gùn lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo. Olùkọ́ èdè nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì yín lè jẹ́ olóòtú, kó má jẹ́ olùbánisọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹ má fi WhatsApp pe àgbàlagbà. Ẹ lọ bá wọn nílé lákọ̀ọ́kọ́, kí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. Kí lẹ́tà náà sì sojú abẹ níkòó: ìbéèrè tí a fẹ́ kí wọ́n dáhùn, ogún ìṣẹ́jú tí ọ̀rọ̀ wọn máa gbà, irú èèyàn tó máa jókòó, ẹni kejì tó máa sọ̀rọ̀, owó ọkọ̀ tí a máa san àti iye tí a ní lọ́wọ́ láti fi dúpẹ́. Bí kò bá sí owó, ẹ sọ pé kò sí. Àgbà tó bá mọ̀ tẹ́lẹ̀ tó sì gbà láti wá kò ní bínú. Ẹni tó bá débẹ̀ tó ń retí àpò ìwé tí kò yọ ni inú rẹ̀ máa bàjẹ́. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá wọ́n fẹ́ kí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá máa kéwì, sun ìjálá tàbí sọ ìtàn ìdílé kan, ẹ béèrè èyí tí wọn kò fẹ́ kó jáde kúrò nínú yàrá náà, kí ẹ sì bọ̀wọ̀ fún un.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan òṣèlú

Ẹ má sá fún un. Ilé ìkàwé tí kò lè gba ọ̀rọ̀ ìṣèlú kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, abala 39 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sì fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò àti láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìjíròrò yàtọ̀ sí ìpolongo. Òfin ètò ìdìbò wa ka ọ́fíìsì ìjọba mọ́ ibi tí a kò gbọ́dọ̀ ti ṣe ìpolongo ìbò, tàbí tí a kò gbọ́dọ̀ ti gbé ẹgbẹ́ òṣèlú tàbí olùdíje lárugẹ tàbí bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Bí ìjọba bá ló ni kọ́lẹ́ẹ̀jì yín, ẹ ka ara yín mọ́ ọn. Nítorí náà, kò sí fìlà ẹgbẹ́, kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ìwé ìpolongo lẹ́nu ọ̀nà, kò sí olóṣèlú tó máa wá "kí yín" pẹ̀lú àpò ìrẹsì. Bí olùdíje kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlànà ẹ̀kọ́, ẹ ní kó wá jókòó láàárín àwùjọ kó sì béèrè ìbéèrè bí ẹlòmíràn. Bí oṣù ìbò bá ti sún mọ́lé jù, ẹ sún ọjọ́ ètò yín di ẹ̀yìn ìbò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀

Iṣẹ́ yìí ló mú kí ètò ilé ìkàwé yàtọ̀ sí ti gbọ̀ngàn, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kó ohun tó wà nílé nípa ọ̀rọ̀ náà jọ sórí tábìlì kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà: ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, ẹ̀dà òfin Èkó, ìwé ìkọ́ni Yorùbá àtijọ́, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọjá, ìwé ìròyìn tó gbé ìkéde ọdún 2022 àti ti ọdún 2025. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìwé kọ̀ọ̀kan sórí páálí, kí ẹni tó bá fẹ́ yá a lè rí i lẹ́yìn tí tábìlì bá ti kúrò.

Ohun tí ẹ kò bá ní, ẹ béèrè níbòmíràn. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìbàdàn ṣì ń jẹ́ University College ni ilé ìkàwé rẹ̀, tí wọ́n wá fi sọrí Kenneth Dike, ti ń gba ìwé tí òfin ní kí atẹ̀wé fi sílẹ̀. Àwọn ìwé àti lẹ́tà Herbert Macaulay pàápàá wà lọ́dọ̀ wọn. Inú ọgbà yunifásítì yẹn kan náà ni National Archives wà, níbi tí fáìlì ayé amúnisìn nípa ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá wà. Bí ọ̀rọ̀ yín bá jẹ́ ti oyè, ti ilẹ̀ tàbí ti owó orí, ẹ rán ẹnì kan lọ síbẹ̀ kó lọ kà á, kó sì mú ẹ̀dà ojú ìwé méjì tàbí mẹ́ta bọ̀. Ojú ìwé kan tí a tẹ̀ ní ọdún 1935 nípa ìlú yín gan-an lè yí ohun tí gbogbo ilé rò pé àwọn mọ̀ padà. Mo fẹ́ràn kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa rìn yí tábìlì yẹn ká kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìbéèrè wọn ti máa ń wá.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìkéde

Pósítà kan ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé, kan ní gbogbo ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́, kan ní ẹnu géètì níbi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Ìbéèrè yẹn ni kó tóbi jù lórí rẹ̀, kì í ṣe fọ́tò àwọn àlejò pàtàkì. Ẹ fi àmì sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, kí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò; ìtìjú ni kí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ pe àwọn èèyàn sí ọ̀rọ̀ èdè pẹ̀lú pósítà tí kò ní àmì. Ẹ fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn kíláàsì, ẹ fún ilé iṣẹ́ rédíò tó súnmọ́ yín, ẹ bẹ àwọn àlùfáà àti ìmáàmù kí wọ́n bá yín ka á. Ẹ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó yí yín ká, kí ẹ pe àwọn olùkọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn lọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ kọ ọ́ sí i gbangba pé ọ̀fẹ́ ni, àti pé Yorùbá ni a máa sọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: yàrá

Ẹ má ti ilé ìkàwé mọ́ òǹkàwé lójú nítorí ètò yín. Ẹ wá yàrá kan tàbí igun kan tí ariwo rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí kò bá sí, kó jẹ́ lẹ́yìn wákàtí ìkàwé.

Ẹ to àga bí ìlàjì òṣùpá, kí àwọn èèyàn lè máa rí ojú ara wọn. Ẹ má to tábìlì àwọn ọlọ́lá sí iwájú. Mo mọ̀ pé èyí máa ń nira, nítorí a kọ́ wa láti fi àgbà sípò àgbà. Ẹ fi àga tó dára jù fún wọn ní ìlà àkọ́kọ́, ẹ dìde kí wọn bí wọ́n ṣe ń wọlé, ìyẹn ti tó. Bí jẹnẹrétọ̀ bá wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Ẹ fi bátìrì tuntun sínú gbohùngbohùn, kí ẹ sì dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú. Omi àti puff-puff, ìta ni kó wà: kò sí oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Kí ẹnì kan dúró ti àpò àwọn àlejò pẹ̀lú nọ́ńbà, nítorí ará ìta kò mọ̀ pé a kì í gbé àpò wọ ilé ìkàwé, kò sì yẹ kí a dójú tì í lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ yẹ àtẹ̀gùn wò. Bí yàrá bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ àti ìyá àgbà tí orúnkún ń dùn kò ní lè wá. Fún àwọn adití, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó ń kọ́ olùkọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ akànṣe wà ní Ọ̀yọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jáde níbẹ̀ mọ èdè àwọn adití, wọ́n sì wà káàkiri ilé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ wá ọ̀kan, ẹ san owó ọkọ̀ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: ọjọ́ náà

Ohun tó ń pa ètò wa ni àkókò ìbẹ̀rẹ̀. Orin orílẹ̀-èdè, orin ìpínlẹ̀, orin kọ́lẹ́ẹ̀jì, àdúrà ẹ̀sìn méjèèjì, ìfihàn àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ alága, kíka ìtàn ìgbésí ayé alága, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ mẹ́ta. Nígbà tí olùbánisọ̀rọ̀ bá fi máa mú gbohùngbohùn, wákàtí kan àtààbọ̀ ti lọ, wọ́n á sì ní nítorí àìsí àkókò a kò ní gba ìbéèrè. A ti wá jẹ ọkàn ètò náà tán kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe é báyìí: aago mẹ́rin géérégé, àdúrà kúkúrú kan. Alákòóso ilé ìkàwé kí àwọn èèyàn káàbọ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó sì tọ́ka sí tábìlì ìwé. Olóòtú ka ìbéèrè, ó sọ òfin ìjókòó. Kó tó di aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, olùbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú. Láti aago márùn-ún dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí di aago mẹ́fà, ti àwùjọ ni. Ìtàn ìgbésí ayé wọn, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn ìwé ètò.

Olóòtú gbọ́dọ̀ lè dá àgbà dúró láì tàbùkù rẹ̀. Kó bá wọn sọ ọ́ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo máa gbé páálí yìí sókè." Nígbà tí àkókò bá pé: "Ẹ ṣeun púpọ̀, bàbá. Àwọn ọmọ yín ti ní ìbéèrè lẹ́nu; ẹ máa rí àyè parí èyí tó kù nínú ìdáhùn yín." Àgbà kì í kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ níwájú olùkọ́ tó máa máàkì ìwé wọn, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni ẹ̀rù tó ń bà wọ́n. Ẹ pín ìwé pélébé àti bírò fún gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi àpótí kan sí àárín yàrá. Kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ. Olóòtú á fa mẹ́ta yọ níbẹ̀ kó tó gba ìbéèrè ẹnu. Lẹ́yìn náà, kó fún obìnrin àti akẹ́kọ̀ọ́ láyè ṣáájú, kó sì jẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀wé dúró dìgbà tó bá yá. Wọ́n máa rí àyè sọ̀rọ̀ bó ti wù kó rí. Ìṣẹ́jú kan ni ìbéèrè kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ àsọyé, kí olóòtú bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Kí gan-an ni kí wọ́n bá wa dáhùn, ẹ̀gbọ́n?"

Bí ẹnì kan bá bú ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn ẹlòmíràn, kí olóòtú dá a dúró lójú ẹsẹ̀, kó sì ní kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìsí èébú. Bí ó bá tún ṣe é, kó gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àríyànjiyàn bá wà lórí ohun tí òfin tàbí ìwé kan sọ, kí òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lọ mú un wá, kó kà á sókè. Bí olùbánisọ̀rọ̀ kan kò bá wá, ẹ má tú èèyàn ká. Ẹ ka ojú ìwé méjì láti inú ìwé tó wà lórí tábìlì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò láti ibẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: lẹ́yìn tí àga bá ti ṣófo

Fóònù tó dára kan tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ olùbánisọ̀rọ̀ ti tó fún gbígba ohùn sílẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó ń kọ́ èdè Yorùbá jókòó tì í, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ dé ọ̀rọ̀, pẹ̀lú àmì. Ẹ fi han àwọn olùbánisọ̀rọ̀ kí wọ́n ṣàtúnṣe, kí wọ́n sì buwọ́ lu ìwé pé àwọn gbà kó wà ní ilé ìkàwé. Ẹ di ẹ̀dà méjì, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà bí ìwé mìíràn, ẹ tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn àgbà sọ ní àwọn ìlú wa ti lọ nítorí pé kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ń dùn mí púpọ̀. Olùkọ́ àgbà yẹn tó fi Yorùbá kọ́ ìṣirò lè má wà níbẹ̀ mọ́ nígbà tí ọmọ mìíràn bá wá ṣe ìwádìí lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wà.

Ẹ mú ìwé ìdúpẹ́ lọ sílé àwọn olùbánisọ̀rọ̀ fúnra yín. Ẹ fún alákòóso ilé ìkàwé ní àkọsílẹ̀ ojú ìwé kan: iye tó wá, iye tí ẹ ná, ìwé tí àwọn èèyàn yá lọ, ohun tó bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tú àpótí ìbéèrè sílẹ̀ kí ẹ sì ka gbogbo èyí tí àkókò kò jẹ́ kí ẹ dáhùn. Èyí tó bá jẹ yọ jù lọ nínú wọn ni kí ẹ fi ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sáà tó ń bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìkàwé pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ ti bá alákòóso fẹnu kò lé lórí.